Ọ̀bẹ Àpò Méjìlá Tí Mo Tà ní Lọ́kọ́ja

Àwọn ẹgbẹ́ mi tó lọ sí òkè òkun, Faransé ni wọ́n lọ, àwọn kan lọ sí Kánádà. Èmi náà lọ sí òkè òkun. Lọ́kọ́ja ni mo lọ.

Ọmọ Kétu ni mí, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Yorùbá ni ìyá mi fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún, ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé Nàìjíríà kò lè ṣe àjèjì sí mi. Mo ní ẹni tó gbọ́ Yorùbá kò lè sọnù láàárín Yorùbá. Ọjọ́ kejì tí mo dé ni ebi lé mi lọ sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì létí títì ní Natako. Nílé wa, orúkọ tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn Faransé la fi ń pe búrẹ́dì. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tà mí ní pẹ́n kan." Ìyá náà wò mí láti òkè délẹ̀. Ó tú báàgì ọwọ́ rẹ̀, ó mú bíírò kan jáde, ó ní kí n má sanwó. Ó ní òun mọ bó ṣe máa ń rí tí èèyàn bá fẹ́ kọ̀wé wáṣẹ́. Mo dúpẹ́ gan-an. Mo mú bíírò náà lọ sílé, mo mu omi, mo sùn, nítorí ojú tì mí láti padà lọ ṣàlàyé.

Ní ọjọ́ kẹta, mo dúró létí omi, níbi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé. Obìnrin kan ń kọjá lọ pẹ̀lú agbọ̀n lórí, ó wò mí, ó ní, "Okun o." Mo bojú wo omi náà tìṣọ́ratìṣọ́ra, mo ní, "Màmá, odò ni èyí o. N kò rí òkun níbí." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí agbọ̀n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí rẹ̀. Ọlọ́kadà kan tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀bìrà ló ṣàánú mi. Ó ní, "Oga, na greeting be that." Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé bí àwọn Yorùbá apá ibẹ̀ ṣe ń kí èèyàn ni, àti pé ìkíni náà ni wọ́n fi ń pe àwọn fúnra wọn. Mo ti wà nílùú wọn fún ọjọ́ mẹ́ta, mo sì ti bá ìkíni wọn jà.

Kí n tó sọ ohun tí mo wá ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo sá fún. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá mi. Ó ń rọ ọkọ́, ó ń rọ àdá, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ àpò ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n ní gbogbo agbègbè wa. Irin ìdí ọkọ̀ tó ti gbó ló fi ń rọ ọ́, pẹlẹbẹ, tínrín. Èèkù igi ló máa ń ní, àárín èèkù náà ni irin yóò ká wọ̀ sí, ìṣó kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀. Èèyàn á tì í bọ àpò, á gbàgbé pé ó wà níbẹ̀ títí iṣẹ́ fi dé. Láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń fín ẹwìrì fún un. Nígbà tí mo pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, mo sọ fún un pé ẹ̀fín ti sú mi, pé ayé ti kọjá àgbẹ̀dẹ.

Kò bínú. Ó ní, "Ayé tó ti kọjá yẹn, kí ló fi ń gé ìwọ́ ọmọ tuntun?"

Mo fẹ́ sọ pé bíléèdì ni. Mo rántí pé irin ni òun náà, mo pa ẹnu mi dé, mo di ẹrù mi.

Ẹni tó gbà mí síṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja ni Àlájà Sàfíyà. Ìlọrin ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ilé wọn ti wà ní Lọ́kọ́ja àtijọ́ tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kì í sọ pé òun ń lọ sílé tó bá ń lọ sí Ìlọrin. Ó ń ta àgádágodo, ìṣó, tọ́ọ̀ṣì, okùn, àti ọ̀bẹ. Ó bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo mọ̀. Mo ní n kò mọ iṣẹ́ kankan. Mo rò pé irọ́ ni mò ń pa.

Ó ní, "Ó dáa. Ẹni tí kò mọ nǹkan ló rọrùn láti kọ́." Láti ọjọ́ náà ló ti sọ mí ní Kùtọnu, gbogbo ọjà sì gbà á. N kò sùn ní Kùtọnu rí láyé mi.

Oríṣi ọ̀bẹ méjì tó ń ká ló wà ní ṣọ́ọ̀bù náà. Àwọn kan wà nínú àpótí gíláàsì lókè, níbi tí iná wà. Irin wọn dúdú, wọ́n ní sípíríìnì nínú, èèyàn á tẹ nǹkan kan báyìí, wọ́n á sì yọ fàì. Àwọn kan ní ìkọ́ tí wọ́n fi ń gé okùn, àwọn kan ní tọ́ọ̀ṣì kékeré, ọ̀kan tiẹ̀ ní fèrè. Ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà ni èyí tó kéré jù, èyí tó ní fèrè jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún. Àwọn kejì wà nínú páálí nílẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, wọ́n dà wọ́n lé ara wọn bí ẹja gbígbẹ. Ọ̀bẹ àpò ni, àwọn alágbẹ̀dẹ àdúgbò ló ṣe wọ́n. Ẹgbẹ̀rún kan náírà.

Lọ́jọ́ kan tí ọjà kò yá, mo bi Àlájà pé kí ló dé tí ìyàtọ̀ owó wọn fi tó bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Èyí tó wà nínú gíláàsì, ta ló ṣe é?"

"N kò mọ̀, Àlájà. Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n kọ sí i lára."

"Èyí tó wà nínú páálí ńkọ́?"

"Alágbẹ̀dẹ kan ni. Wọ́n ní ẹ̀yìn ọjà níbí ló wà."

"Ó tán. Ẹni tó o bá mọ ilé rẹ̀, o ò ní fẹ́ sanwó gidi fún un."

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, mo sì rò ó sí ara mi lójú ẹsẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ ilé mi ní Lọ́kọ́ja. Mo ní á jẹ́ pé èmi náà yóò gbówó lórí láìpẹ́. Mo dúró de ọjọ́ náà títí.

Mo gbìyànjú láti mọ ọ̀bẹ gíláàsì náà tà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láti Adankolo ló fẹ́ràn rẹ̀ jù. Wọ́n á dúró, wọ́n á máa fọwọ́ kan gíláàsì, wọ́n á ní, "How much last?" Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mẹ́ta nínú wọn wọlé, ọkùnrin méjì àti obìnrin kan. Mo mú ọ̀bẹ kan jáde, mo dúró bí ọ̀gá, mo ní kí wọ́n wò ó bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ kan ṣí i. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó yọ. Àtàǹpàkò mi wà lọ́nà ibi tó ń yọ lọ. Mo rí ẹ̀jẹ̀, mo sì fẹ́ fi hàn pé kò ṣe nǹkan kan, mo ní, "Ẹ ti rí i fúnra yín pé ó mú." Lẹ́yìn ìyẹn, mo jókòó sílẹ̀. Wọ́n ní mo jókòó, ṣùgbọ́n ohun tí mo rántí ni pé ilẹ̀ ló gòkè wá bá mi.

Obìnrin inú wọn ra ọ̀bẹ náà. Kò tiẹ̀ ná an. Àlájà fi aṣọ di ọwọ́ mi, ó ní, "O tajà lónìí. Ṣùgbọ́n má ṣe é lójoojúmọ́."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ló máa ń le jù fún mi. Ní ọjọ́ náà, gbogbo ilé tí mo háyà yàrá sí á ṣófo. Àwọn tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba nínú wọn á lọ sí ìpàdé ìlú wọn lẹ́yìn ìsìn. Mo tẹ̀ lé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní kí àwọn àlejò dìde ní ìlú ní ìlú, kí wọ́n lè kí wọn. Wọ́n pe Kàbà, wọ́n pe Bùnú, wọ́n pe Yàgbà, wọ́n pe Ìjùmú. Mo ń dúró de ìlú mi bí ẹni pé wọ́n lè pè é. Níkẹyìn, wọ́n ní kí àwọn tó kù dìde. Èmi nìkan ni àwọn tó kù.

Nílé wa ní Bẹ̀nẹ̀, Nàgó ni ìjọba ń pè wá. Ní Lọ́kọ́ja, mo di Kùtọnu. Bàbá àgbà kan tó wá ra ìṣó gbọ́ Yorùbá mi, ó ní mò ń sọ̀rọ̀ bí ìyá àgbà òun tó ti kú. Inú bí mi lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo máa pe ilé, mo ti yí i padà, mo ní àwọn àgbààgbà ìlú ń yin èdè mi.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìpè mi sílé ṣe rí. Fóònù kékeré onítẹ̀ẹ̀tẹ̀ ni bàbá mi ní, àbúrò mi obìnrin, Àbẹ̀kẹ́, ló máa ń bá a gbé e sétí. Mo sọ fún un pé mo ti di ọ̀gá ní ilé ìtajà ńlá kan. Ohun kan ṣoṣo tó bi mí nínú gbogbo rẹ̀ ni pé irú ọ̀bẹ wo ni à ń tà, èló sì ni. Mo sọ ti ọ̀bẹ inú àpótí gíláàsì, mo ṣírò ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún sí sẹ́fà, owó ilé wa, fún un. 

Ó ní, "Ṣé ọ̀bẹ náà ń lọ sóko fúnra rẹ̀ ni?"

Mo ní, "Rárá, Bàámi. Ṣùgbọ́n ó ní fèrè."

"Fèrè," ni bàbá mi wí, bí ẹni ń sọ orúkọ àìsàn tí kò gbọ́ rí.

Kò pé oṣù méjì tí ẹrù fi dé láti ilé. Ọ̀bẹ àpò méjìlá ni, tí wọ́n fi aṣọ àgbẹ̀dẹ bàbá mi wé. Ó ti pọ́n gbogbo wọn, ó sì ti fi epo pa wọ́n lára. Mọ́kànlá ní èèkù igi, ọ̀kan ní èèkù ìwo. Mo rò pé igi ló tán lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tó rán sí mi kò gùn: "Fi wọ́n sínú gíláàsì."

Mo gbé wọn dé ṣọ́ọ̀bù. Àlájà mú ọ̀kan, ó ṣí i, ó pa á dé. Ó ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ gidi nìyí. Ta ló ṣe é?"

Mo ní, "Alágbẹ̀dẹ kan lọ́hùn-ún ni."

"O mọ̀ ọ́n?"

"Mo máa ń rí i."

Àkùkọ kankan kò kọ. Ọ̀kadà kan ló kàn kọjá. Àlájà bi mí pé èló ni ká tà á. Mo rò ó wò pé tí mo bá ní kó gbé e sínú gíláàsì, yóò bèèrè ìdí, màá sì ní láti sọ ẹni tí mo jẹ́. Mo ní ẹgbẹ̀rún kan ti tó. Ọwọ́ mi náà ni mo fi dà wọ́n sínú páálí nílẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ti tán. Àwọn apẹja ra, àwọn tó ń kun ẹran ra. Èyí tó ní èèkù ìwo, obìnrin àgbàlagbà kan ló rà á. Ó wọlé, ó ní, "Okun o," mo sì dá a lóhùn láìmú òkun wọ ọ̀rọ̀ náà. Erùpẹ̀ wà ní èékánná rẹ̀. Ó mú ọ̀bẹ náà nínú páálí bí ẹni pé wọ́n ti sọ ibi tó wà fún un. Ó fi ẹ̀yìn èékánná tọ́ ẹnu rẹ̀ wò, ó sanwó, kò ná an. Ẹni tí kò bá ná ọjà yín, ẹ ṣọ́ra fún un. Ó ti rí ohun tí ẹ̀yin kò rí.

Nígbà tí bàbá mi bi mí pé èló ni mo tà á, mo ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rín tó rín lọ́jọ́ náà, n kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Àbẹ̀kẹ́ ní ó ti jáde lọ sọ fún gbogbo àdúgbò. N kò rò ó títí dé ibẹ̀. Irọ́ náà ní owó nínú, owó náà sì gbọ́dọ̀ dé ilé. Owó oṣù méjì mi ló bá a lọ. Gààrí ni mo ń mu láàárọ̀ àti lálẹ́. Àlájà ṣàkíyèsí mi, ó ní, "Kùtọnu, ààwẹ̀ lò ń gbà ni? Ti ẹ̀sìn wo ni?"

Ìpè tó dé lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ ló dé. Àbẹ̀kẹ́ ni. Ó ní ojú bàbá wa ti ń fọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún tó kọjá, pé ó ń fi pa mọ́ fún wa. Kò mọ ìgbà tí irin pọ́n mọ́. Ó ti fi òòlù lu ìka ara rẹ̀, ó sì ti ti àgbẹ̀dẹ pa. Dókítà ní apá kan lè sàn, apá kan kò lè sàn. Bàbá mi gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Má jẹ́ kó kó ẹ láyà sókè. Àwọn méjìlá yẹn ni mo fi parí iṣẹ́, wọ́n sì ti rówó gidi. Eléèkù ìwo wà lọ́wọ́ ẹ, àbí? Mo mọ̀ pé o ò ní ta ìyẹn."

Mo wo páálí tó wà nílẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Ó ní, "Ìwo ẹfọ̀n tí bàbá tèmi fi sílẹ̀ ni. Mo ti tọ́jú ẹ̀ pẹ́. Ìwọ ni mo ṣe é fún."

Mo ní, "Ó wà lápò mi, Bàámi." Mo tiẹ̀ ki ọwọ́ bọ àpò, bí ẹni pé irọ́ lè di ọ̀bẹ tí ọwọ́ bá tètè débẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ni mo bá.

Lọ́jọ́ náà ni mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Àlájà. Ó gbọ́ ọ dópin. Kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Bàbá ẹ lo fi sínú páálí nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àlájà."

"Èmi náà ń gbálẹ̀ yí i ká." Ó yí ojú kúrò lọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Kí lo fẹ́ ṣe?"

Mo ní mo fẹ́ wá obìnrin náà rí, kí n fi ọ̀bẹ tó dára jù ní ṣọ́ọ̀bù gba ti bàbá mi padà. Àlájà ṣí gíláàsì, ó mú ọ̀bẹ onífèrè náà, ó ní kí n san iye tí òun rà á. Gbogbo ohun tó kù lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Kò ṣòro láti rí obìnrin náà. Mo ṣàpèjúwe erùpẹ̀ èékánná rẹ̀ fún àwọn ọlọ́kadà, ọ̀kan nínú wọn ní Mọ́mì Fẹ́mi ni, ní Felele, lójú ọ̀nà Àbújá. Ọmọ Bùnú ni. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó sì ń tọ́jú irúgbìn igi eléso tà fún àwọn tó ń kọ́lé tuntun. Mo bá a lábẹ́ ibòji tí ó fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe, láàárín àwọn ọ̀rá dúdú tí wọ́n gbin ọsàn àti máńgòrò sí. Ọ̀bẹ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó la èèpo igi kékeré kan sójú, ó gé ẹyọ ojú kan tí ewé ti ń yọ lára ẹ̀ka igi mìíràn, ó tì í bọ inú èèpo tó là kí àwọn méjèèjì lè dàgbà pọ̀, ó fi ọ̀rá dì í. Gbogbo rẹ̀ kò pẹ́ tó bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Mo ní, "Okun o, Mọ́mì." Mo sọ fún un pé èmi ni mo ta ọ̀bẹ náà, pé mo fẹ́ rà á padà. Mo fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ̀ ọ́. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò ní márùn-ún pàápàá. Kò gbójú sókè. Mo wá mú ọ̀bẹ tuntun jáde, mo ní ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún ni, kó jẹ́ ká pààrọ̀.

Ó gbà á. Ó tẹ̀ ẹ́, ó yọ, ó wò ó bí ẹni ń wo ọmọ aláìgbọràn. Ó mú ẹ̀ka ọsàn kan, ó gbìyànjú láti la èèpo rẹ̀. Èèpo náà ya wàjàwàjà.

Ó ní, "Ó nípọn bí àáké. Ojú igi tí mo bá fi èyí gé, kíkú ló máa kú. Tèmi yìí máa ń wọlé bí omi. Láti ìgbà tí mo ti rà á, bóyá ló fi ju ọ̀kan tàbí méjì lọ tó kú lọ́wọ́ mi. Irú rẹ̀ tí mo ti ń wá láti ọjọ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì nìyí."

Mo ní, "Ó ní fèrè, mà."

Ó fọn fèrè náà. Ewúrẹ́ kan lódìkejì títì gbé orí sókè. Ó dá ọ̀bẹ náà padà fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní, "Kí ló dé tí o fi fẹ́ eléyìí tó bẹ́ẹ̀?"

Mo sọ fún un. N kò fi ibì kankan pa mọ́, àní ti àpò àti kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí mo parí, ó gbé ọ̀bẹ eléèkù ìwo náà lé itan rẹ̀.

Ó ní, "Pe bàbá náà fún mi."

Mo ní ìlà kì í dára ní ọ̀sán. Ó ní kí n pè é. Mo pè é, mo sì gbé ohùn rẹ̀ sí gbangba kí a lè jọ gbọ́ ọ. Àwọn méjèèjì kíra wọn, Mọ́mì Fẹ́mi pẹ̀lú èdè Bùnú, bàbá mi pẹ̀lú èdè Kétu, ó sì jọ mí lójú pé wọ́n tètè gbọ́ ara wọn ju bí èmi ṣe ń gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ. Ó sọ fún un pé ọ̀bẹ eléèkù ìwo wà lọ́wọ́ òun, pé kò sí lápò mi. Ó sọ iṣẹ́ tí òun ń fi ṣe. Bàbá mi ń bi í léèrè: ṣé kì í mì nídìí ìṣó? Ṣé kì í dípẹtà tí oje igi bá kàn án? Ó dáhùn gbogbo rẹ̀. Bàbá mi wá ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá rà á."

Mọ́mì Fẹ́mi wò mí. Mo wo ilẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, n kò lè purọ́ fún yín. Ẹgbẹ̀rún kan ni mo rà á."

Ọkọ̀ akẹ́rù mélòó kan kọjá lójú títì. Mo ń kà wọ́n, nítorí n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Bàbá mi pe orúkọ mi. Ó ní, "Ìyá yìí, èló lo fẹ́ fi gbà á padà lọ́wọ́ wọn?"

"Ọ̀bẹ ẹlẹ́gbẹ̀rún méjìdínlógún ni, Bàámi."

"Wọ́n gbà?"

"Wọn ò gbà."

 Ó ní, "Á jẹ́ pé irọ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tó o pa fún mi kéré."

Mo rò pé ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dá mi lójú. Mọ́mì Fẹ́mi gbé ọ̀bẹ náà, ó ká a, ó nà án sí mi. Ó ní, "Bàbá, mi ò mọ̀ pé ogún ni. Mi ò lè di ogún ọmọ ọlọ́mọ mú. Mo ti fún un." Ọwọ́ mi ti kan èèkù náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa fara balẹ̀ wo ìwo náà. Ó dúdú, ó ní ìlà funfun kan nínú, ó ti ń dán níbi tí ọwọ́ obìnrin náà máa ń wà.

Bàbá mi ní, "Dúró ná. Kí lo fẹ́ fi gé?"

Mo ronú. Mo ronú gan-an. Okùn ni à ń gé ní ṣọ́ọ̀bù, sísáàsì la sì fi ń gé e. "Kò sí, Bàámi," ni mo sọ.

"Dá a padà fún wọn. Mi ò rọ ọ̀bẹ kó lọ máa sùn."

Mo dá a padà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó rọrùn. Inú bí mi sí bàbá mi, inú bí mi sí obìnrin náà, mo sì mọ̀ pé èmi nìkan ni inú yẹ kó bí sí. Mo ti kọ ogún mi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan láìmọ̀, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ẹlẹ́rìí.

Ìgbà yẹn ni Mọ́mì Fẹ́mi ní, "Ohun kan ló kù, Bàbá. Kò mú bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́ mọ́. Mo ti gbé e fún àwọn tó ń pọ́n ọ̀bẹ lọ́jà, ẹ̀rọ ni wọ́n fẹ́ fi pọ́n ọn, mi ò gbà."

Bàbá mi ní, "Ẹ ṣe dáadáa. Ẹ̀rọ á jẹ ẹ́ tán. Ọmọ mi mọ̀ ọ́n pọ́n."

Mọ́mì Fẹ́mi yí sí mi. "O mọ̀ ọ́n pọ́n?"

Ọdún mẹ́ta ni mo ti fi ń sọ fún gbogbo ìlú pé n kò mọ iṣẹ́ kankan. Mo ní mo mọ̀ ọ́n pọ́n.

Òkúta pẹlẹbẹ kan wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ tó máa ń tẹ̀ tó bá ń wọlé. Mo bu omi sí i, mo kúnlẹ̀. Ó gbé fóònù mi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta náà, nítorí bàbá mi ní ká má pa á. Mo gbé ẹnu ọ̀bẹ lé òkúta, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ọn, lọ, bọ̀, lọ, bọ̀. Ọwọ́ mi rántí. Mo tiẹ̀ ń retí pé kí obìnrin náà yìn mí, mo ń pọ́n ọn bí ẹni tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀.

Ohùn bàbá mi jáde láti ilẹ̀. "O gbé e dúró jù."

Mo ní, "Bàámi, ẹ ò rí mi."

"Mò ń gbọ́ ẹ. Tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀."

Mo tẹ ẹ̀yìn ọ̀bẹ náà wálẹ̀ díẹ̀ sí òkúta. Ohùn òkúta náà yí padà, ó rẹlẹ̀, ó sì gùn. Mọ́mì Fẹ́mi ti jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó ń tú ọ̀rá sílẹ̀. 

"Ó ku díẹ̀," ni bàbá mi wí. Mo tún tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ sí i.

"Ìyẹn ni. Má dúró."